Ìwé Ẹ̀bẹ̀ Tí Mo Ní Kí Màmá Kọ

Inú ń bí mi. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má bàa dé àárín ọ̀nà kó wá máa sọ fún mi pé sùúrù ni baba ìwà. Mo mọ̀ ọ́n. Ìyá mi fi òwe yẹn tọ́ mi dàgbà n'Íbàdàn, èmi náà sì fi tọ́ ọmọ mi ní ìlú Euless níbí. Ogún ọdún ni mo ti ń ṣe sùúrù ní Amẹ́ríkà yìí. Sùúrù náà ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ayé obìnrin kan jẹ́.

Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa ló máa ń bi mí. Wọ́n á fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lẹ́yìn ìsìn, wọ́n á rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni pé àrùn kan ló ń ṣe mí. "Sísítà, ṣé lóòótọ́ ni pé ẹ̀yin la rí létí títì, tí ẹ gbé páálí dání nínú oòrùn? Ẹ̀yin náà? Kí ló dé?" Wọ́n rò pé ẹnì kan ló wá wàásù fún mi, tàbí pé ọmọ mi tó wà ní yunifásítì ló kó sí mi lórí. Rárá o. Kò sẹ́ni tó wàásù fún mi. Ìwé kan ni, ojú ewé kan ṣoṣo, tí wọ́n fi bírò aláwọ̀ búlúù kọ.

Nọ́ọ̀sì ni mí. Nígbà náà, èmi ni olórí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ àárọ̀ ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan tí kò jìnnà sí pápá ọkọ̀ òfuurufú. Bí ọkọ̀ òfuurufú bá ń kọjá lórí òrùlé wa, àwọn arúgbó tí etí wọn ṣì ń gbọ́ràn á dá ọ̀rọ̀ dúró lẹ́nu títí ariwo náà á fi lọ, wọ́n á wá máa bá ọ̀rọ̀ wọn lọ láti ibi tí wọ́n ti dúró. Èmi ni mo máa ń pín iṣẹ́ láràárọ̀. Màá kọ orúkọ ẹni tó máa wà ní kọ́ríídọ̀ yìí àti ẹni tó máa wà ní tọ̀hún sínú fọ́ọ̀mù kan, màá sì fọwọ́ sí i nísàlẹ̀.

Màmá wà lára àwọn tí mò ń pín iṣẹ́ fún. Gbogbo wa là ń pè é ní Màmá: ará Mẹ́síkò tó ń dáná, ará Etiópíà tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, àní àwọn òyìnbó arúgbó tó ń tọ́jú pàápàá, tí àwọn míì nínú wọn lè bí i lọ́mọ. Ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni nílé, ní ìlú kan lẹ́bàá Òṣogbo, kó tó fẹ̀yìn tì. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ló mú un wá kó wá bá wọn wo ọmọ. Nígbà tí àwọn ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́, Màmá ní òun ò lè jókòó sínú àpátímẹ́ǹtì kí òun máa wo ògiri. Ó lọ kọ́ iṣẹ́ olùtọ́jú, ó ṣe ìdánwò, ó yege, ó fi ìwé ẹ̀rí náà sínú férémù, ó gbé e kọ́ sí ògiri pálọ̀ ọmọ rẹ̀. Ó máa ń sọ pé, "Gbogbo ìwé ẹ̀rí mi tó kù, ojú ọ̀dọ́ ni mo fi kà wọ́n. Èyí, ojú arúgbó ni mo fi kà á." Bó bá sọ ọ́ tán, á rẹ́rìn-ín, á tún fi etí ìró rẹ̀ nu awò ojú rẹ̀.

Ẹni mẹ́ta ló yẹ kó wà ní kọ́ríídọ̀ tí Màmá wà. Kí n má purọ́ fún yín, mi ò rántí ìgbà tí a rí mẹ́ta kẹ́yìn. Ẹni méjì ni, lọ́jọ́ mìíràn ẹnì kan. Máníjà wa, ọmọbìnrin kan tí ẹ̀rín kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀, ti sọ fún mi pé bí èèyàn ò bá pé, kí n máa fi orúkọ àwọn tó wà ní ọ́fíìsì dí àlàfo náà, torí pé àwọn náà ní ìwé ẹ̀rí. Wọ́n ní i lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìdí kọ̀ǹpútà ni wọ́n máa ń wà látàárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, wọn ò mọ yàrá ẹnikẹ́ni. Mo kọ orúkọ wọn. Mo fọwọ́ sí i. Ó lé ní ọdún kan tí mo fi ṣe bẹ́ẹ̀, mo sì ń sọ fún ara mi pé ọ̀gá ló pàṣẹ, ẹrú kì í bi olówó rẹ̀ ní ìdí. Ẹ gbọ́ ohun tí mò ń sọ fún ara mi!

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, Màmá nìkan ló wà níbẹ̀. Àwọn arúgbó ti jẹ oúnjẹ àárọ̀ tán. Màmá ń wẹ̀ fún ìyá àgbàlagbà kan ní balùwẹ̀, gbogbo ara ìyá náà wà nínú ọṣẹ, ó sì jókòó sórí àga tí a kì í dá èèyàn fi sílẹ̀ lé. Aago tí wọ́n fi ń pe olùtọ́jú bẹ̀rẹ̀ sí í dún ní yàrá kan. Bàbá kan ni, ẹni tó fi ayé rẹ̀ ṣiṣẹ́ rélùwéè, ó fẹ́ lọ tọ̀. Màmá pariwo láti balùwẹ̀ pé òun ń bọ̀. Bàbá náà dúró, dúró, nígbà tó sú u, ó dìde fúnra rẹ̀. Ìdí kẹ̀kẹ́ oògùn ni mo wà tí mo fi gbọ́ ìró ìṣubú náà. Egungun ìbàdí rẹ̀ ló kán.

Ní ọjọ́ kejì, wọ́n pe Màmá sí ọ́fíìsì. Wọ́n ní kó lọ jókòó sílé ná, kó sì kọ ìwé ṣàlàyé ìdí tó fi pa aláìsàn tì. Pa á tì! Wọ́n ní àwọn máa fi tó ìjọba ìpínlẹ̀ létí. Bí ìjọba bá gbà pé òótọ́ ni, orúkọ Màmá á wọ ìwé àwọn tí kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan aláìsàn mọ́ láéláé, ìwé ẹ̀rí inú férémù yẹn á sì di bébà lásán.

Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ ìjọba rí nílé mọ ohun tí kúèrì jẹ́. Bí wọ́n bá fún ọ ní kúèrì, o ò ní bẹ̀rẹ̀ sí í bá ọ̀gá rojọ́. Bó o tilẹ̀ jàre, o ò ní sọ pé o jàre. Wàá kọ ọ́ síbẹ̀ pé o jẹ̀bi, pé iṣẹ́ èṣù ni, pé kí wọ́n fojú àánú wò ọ́, kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́. Wàá wá kó àgbà kan tàbí méjì sẹ́yìn lọ bẹ̀ ẹ́. Ọ̀gá á bínú, á sọ̀kò ọ̀rọ̀, àwọn àgbà á máa sọ pé "ẹ má bínú sà, ọmọ yín ni", ọ̀gá á mí kanlẹ̀, á ju ìwé náà sínú dúrọ́ọ̀. Ó parí nìyẹn. Gbogbo ayé mọ̀ pé ìwé yẹn kì í ṣe ẹ̀rí. Ọ̀wọ̀ ni. Ọ̀gá fẹ́ mọ̀ pé o ka òun sí ni. Màmá fúnra rẹ̀ ti gba irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tíṣà tó wà lábẹ́ rẹ̀, kò lóǹkà, kò sì lé ẹnikẹ́ni nínú wọn rí.

Èmi ni mo lọ bá a nílé. Ó ti kọ ìdáhùn kan, ó sì fún mi kà. Òótọ́ ló kọ síbẹ̀: pé òun nìkan ni, pé ẹlòmíràn wà lọ́wọ́ òun ní balùwẹ̀, pé ọjọ́ ti pẹ́ tí òun ti ń sọ pé àwọn ò pọ̀ tó. Bí mo ṣe kà á ni ẹ̀rù bà mí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, ẹ̀rù ara mi ló bà mí. Bí ìwé yẹn bá dé ọ̀dọ̀ ìjọba, fọ́ọ̀mù tí mo fọwọ́ sí ni wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè.

Mo ní, "Màmá, ẹ má fi èyí ránṣẹ́. Ó dà bí ẹni tó fẹ́ bá wọn jà. Ẹ jẹ́ ká ti ibi pẹlẹbẹ mú ọ̀ọ̀lẹ̀ jẹ. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀ wọ́n."

Ó wò mí látòkè awò ojú rẹ̀. "Ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbí náà nìyẹn?"

"Èèyàn ni wọ́n, Màmá. Ta là ń bẹ̀ tí kì í gbà?"

"Ó dáa. Ìwọ lo pẹ́ níbí jù mí lọ." Ó fa bébà tuntun yọ.

Mo ń sọ ọ́, ó ń kọ ọ́. Mo ní kó kọ pé ẹ̀bi òun ni, ó kọ ọ́. Mo ní kó kọ pé òun ò kíyè sára tó, ó dúró díẹ̀, ó kọ ọ́. Ọwọ́ ìkọ̀wé tíṣà àtijọ́ ni tirẹ̀, gbogbo lẹ́tà dúró ṣánṣán lórí ìlà. A jọ gbé e lọ sí ọ́fíìsì. Màmá kúnlẹ̀. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, ìyá àgbà tí orúnkún ń dùn, kúnlẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì níwájú ọmọ tó lè bí, èmi náà sì kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Máníjà fò dìde, ojú rẹ̀ pọ́n, ó ní ká jọ̀wọ́ dìde. Ó ka ìwé náà. Ó ní òun dúpẹ́ gan-an pé Màmá lè sòótọ́. Ó tilẹ̀ dì mọ́ ọn. Nígbà tí à ń padà lọ sílé, inú mi ń dùn nídìí ọkọ̀, mo ní, "Màmá, ẹ ò rí i? Ó ti parí."

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, wọ́n lé Màmá. Wọ́n fi àpòòwé ńlá kan ránṣẹ́ sí i, àdàkọ gbogbo ohun tí wọ́n kọ sí ìjọba wà nínú rẹ̀, ìwé ẹ̀bẹ̀ wa ló sì wà lókè pátápátá. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé olùtọ́jú náà ti jẹ́wọ́.

Jẹ́wọ́! Mo ka ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ mi wálé ní òpin ọ̀sẹ̀ yẹn. Oníwọ́de lọmọ yìí, kò sí ohun tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ wọ́de tí kò bá wọn lọ. Mo ti bá a jà títí, mo máa ń bi í pé ṣé kó lè máa pariwo kiri títì ni mo ṣe ń san owó ilé ẹ̀kọ́. Ó ka àdàkọ ìwé Màmá lórí ìdúró ní kíṣìnì. Èdè òyìnbó ló fi bá mi sọ̀rọ̀, bó ṣe máa ń ṣe. Ó bi mí pé, Mọ́mì, ta ló ní kí wọ́n kọ èyí? Ó wò mí lójú, ó gbé ìwé náà sílẹ̀ jẹ́jẹ́, ó wọ yàrá rẹ̀ lọ. Kò bú mi. Ó sàn kó bú mi.

Ẹ wá gbọ́ bí ọ̀rọ̀ ṣe di ti gbogbo wa. Àga kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fíríìjì nínú yàrá tí a ti ń jẹun níbi iṣẹ́. Ibẹ̀ ni Màmá máa ń jókòó sí torí orúnkún rẹ̀, ó sì máa ń fi súwẹ́tà rẹ̀ kọ́ ẹ̀yìn àga náà torí òtútù ẹ̀rọ amúlétutù. Lẹ́yìn tí wọ́n lé e, súwẹ́tà náà ṣì wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì jókòó sórí àga náà. Kò sẹ́ni tó pàṣẹ ẹ̀. Bí yàrá bá kún, àwọn kan á jẹun lórí ìdúró, àga á ṣófo. Lọ́jọ́ kan, a dé ibẹ̀, wọ́n ti gbé àga lọ, súwẹ́tà Màmá sì wà nínú ike ìdọ̀tí. Máníjà ní àga náà ń dí ọ̀nà.

Ó yà mí lẹ́nu, ó sì tún ń bí mi nínú títí di òní. Ọdún mélòó ni àwọn èèyàn wọ̀nyí ti ń ṣe iṣẹ́ ẹni mẹ́ta? Ẹ̀yìn wọn ti bàjẹ́, ìgbà tí oòrùn bá ti yẹ̀ ni wọ́n ń jẹ oúnjẹ ọ̀sán, wọ́n ń sunkún nínú ọkọ̀ kí wọ́n tó wakọ̀ lọ sílé. Wọn ò sọ̀rọ̀. Ilé iṣẹ́ lé Màmá, wọ́n kẹ́dùn, wọn ò sọ̀rọ̀. Àga lásán ni wọ́n gbé, gbogbo ilé gbaná! Mo ti rò ó sọ́tùn-ún, mo ti rò ó sósì. Ìyà nìkan kì í lé èèyàn jáde, torí pé ìyà a máa mọ́ni lára, bí bàtà tó há. Ìwọ̀sí ni kì í mọ́ni lára. Ṣùgbọ́n ìwọ̀sí nìkan náà kọ́. Gbogbo wa ti gba ìwọ̀sí tiwa rí, kálukú nínú kọ̀rọ̀ tirẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, inú yàrá kan náà la wà, ike ìdọ̀tí kan náà là ń wò, nígbà tí a gbójú sókè, oníkálukú rí i lójú ẹnì kejì pé òun nìkan kọ́ ni inú ń bí. Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀.

Obìnrin Etiópíà náà, ẹni tẹ́ẹ́rẹ́ tí èèyàn kì í gbọ́ ohùn rẹ̀, yọ súwẹ́tà kúrò nínú ike, ó gbọ̀n ọ́n, ó wọ̀ ọ́ sórí aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, gbogbo wọn ló wọ súwẹ́tà wá, nínú ooru oṣù Kẹjọ tó lè din ẹyin lórí kọnkéré. Ní àsìkò oúnjẹ, kò sẹ́ni tó jókòó. Gbogbo wọn jẹun lórí ìdúró, àwọn àga tó kù sì wà níbẹ̀ lófìfo.

Gbogbo wọn ni mo wí. Èmi ò sí níbẹ̀. Bí mo bá ti wọlé, ọ̀rọ̀ á tán lẹ́nu wọn.

Mo gbọ́ pé wọ́n ń pàdé lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú ní yàrá ìfọṣọ àpátímẹ́ǹtì kan ní Euless, lẹ́yìn tí kálukú bá ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Mo din páfùpáfù, mo gbé e lọ. Ẹ ò rí ayé mi? Ẹ̀bẹ̀ ni mo tún gbé lọ! Ẹ̀rọ ìfọṣọ ń yí, èèyàn bíi mẹ́wàá jókòó sórí tábìlì tí wọ́n ti ń ká aṣọ. Obìnrin Etiópíà náà bi mí pé kí ni mo mú wá.

Mo ní, "Páfùpáfù."

Ó ní, "Oúnjẹ kọ́ là ń wí. Ìwọ lò ń fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù àárọ̀. Fọ́ọ̀mù náà sọ pé ẹni méjì wà pẹ̀lú Màmá lọ́jọ́ yẹn. A lè pariwo títí, ìwọ nìkan lo lè sọ pé irọ́ ni. Ṣé wàá sọ ọ́?"

Mo ní màá ronú sí i. Wọ́n jẹ páfùpáfù mi, ẹnikẹ́ni ò tún bá mi sọ̀rọ̀.

Mo gba Plano, ìlú àwọn olówó, lọ sọ́dọ̀ díákónì ṣọ́ọ̀ṣì wa, ẹni tó mọ̀wé, tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà, tí gbogbo wa ń gbàmọ̀ràn lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fún mi ní omi tútù. Ó ní, "Sísítà, ẹ fọkàn balẹ̀. Àlejò ni wá nílẹ̀ yìí. Láísẹ́ǹsì nọ́ọ̀sì yín ńkọ́? Màmá ti dàgbà, ó ní ọmọ tó ń bọ́ ọ. Ẹ̀yin lẹ ṣì ń tọ́mọ. Ẹ jẹ́ ká fi sádùúrà." Ó gbàdúrà, mo ṣe àmín, mo dúpẹ́, mo jáde.

Orí fíríwèè, ọ̀nà márosẹ̀ wọn, ni inú ti bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá díákónì jà lóhùn rara, èmi nìkan nínú ọkọ̀. Àlejò! Ogún ọdún! Àlejò wo ló ń nu ìdí onílé fún ogún ọdún? Màmá ti dàgbà, nítorí náà kí orúkọ rẹ̀ bàjẹ́ kò burú? Ṣé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ máa ń wàásù pé orúkọ rere sàn ju wúrà lọ? Tàbí orúkọ ẹni tó nílé ní Plano nìkan ni? Mo bú u dáadáa. Mo kọjá ibi tó yẹ kí n yà, mi ò tilẹ̀ mọ̀. Nígbà tí mo bú u tán, tí mo mí, mo rí i pé díákónì ò sọ ohun kan tí èmi náà ò tíì sọ fún ara mi rí. Mi ò lọ sílé. Ilé ọmọ Màmá ni mo wakọ̀ lọ.

Mo bá a ní pálọ̀. Férémù kò sí lára ògiri mọ́, ìṣó rẹ̀ nìkan ló kù. Mo kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀. "Màmá, ẹ forí jì mí. Èmi ni mo fà á. Ẹ dákun, ẹ má bínú sí mi." Mo ń sunkún bí ọmọdé.

Màmá ò ní kí n dìde. Ó jẹ́ kí n sunkún náà tẹ́rùn. Ó wá ní, "Mo mọ ọmọ tó ń bẹ̀ torí pé ohun tó ṣe dùn ún. Mo sì mọ ọmọ tó ń bẹ̀ kí n lè tètè tú u sílẹ̀ kó lọ jẹun ọ̀sán. Èwo ni ìwọ?"

Mo fi etí aṣọ mi nu ojú.

"Mo rí ojú rẹ lọ́jọ́ tó o ń ka ìwé tí mo kọ́kọ́ kọ," ó ní. "Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ara rẹ ló ń bà ọ́. Mo ní kò burú, ẹni tí ẹ̀rù ń bà á bá mi bẹ̀ wọ́n dáadáa. Èmi náà gọ̀." Mi ò tíì rí ìbínú Màmá rí, kì í ṣe kékeré. "Dìde lórí kápẹ́ẹ̀tì ọmọ mi. Ẹ̀bẹ̀ tó. Mo ti bá ọ kọ ìwé tìrẹ. Lọ kọ òótọ́ sínú òmíràn."

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, mo jókòó ní kíṣìnì, mo kọ ọ́. Mo kọ orúkọ àwọn tí mo fi parọ́ sínú fọ́ọ̀mù. Mo kọ ẹni tó ní kí n ṣe é. Mo kọ ọ́ pé gbólóhùn kọ̀ọ̀kan nínú ìwé ẹ̀bẹ̀ Màmá, ẹnu mi ló ti jáde, àti ìdí rẹ̀. Ọmọ mi bá mi tẹ̀ ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà. Nígbà tó tẹ̀ ẹ́ tán, ó bi mí pé ṣé òun lè bá mi lọ. Ní yàrá ìfọṣọ, obìnrin Etiópíà náà kà á láti òkè délẹ̀. Ó bọ́ súwẹ́tà Màmá lọ́rùn ara rẹ̀, ó nà án sí mi. Mo wọ̀ ọ́, ó há mi lápá.

Bí mo ṣe dé etí títì nìyẹn. Sátidé bíi mẹ́rin la fi dúró níwájú ilé náà pẹ̀lú páálí, kì í sì í ṣe ìdí kan náà ló kó wa débẹ̀. Ẹni tó ń dáná wá torí pé Màmá gbàdúrà fún ọmọ rẹ̀ nígbà kan tó ń ṣàìsàn. Ọkùnrin kan wá torí pé ó ti pẹ́ tí máníjà ti ń fi orúkọ ẹlòmíràn pè é, tí kì í gbọ́ àtúnṣe. Ọmọbìnrin kan wá torí pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá, kò mọ ohun tí a ń jà fún, òun ló sì máa ń dúró pẹ́ jù. Ọmọ bàbá tó ṣubú náà wá. Ó kọ́kọ́ dá dúró lọ́nà jíjìn, kò fẹ́ dúró ti àwa tí bàbá rẹ̀ ṣubú lọ́wọ́ wa, mi ò sì dá a lẹ́bi. Ní Sátidé kẹta, ó wá bá wa di etí páálí kan mú. Àwọn èèyàn wa kan tiẹ̀ wakọ̀ kọjá, wọ́n rí mi, wọ́n yí gíláàsì ọkọ̀ wọn sókè. Ẹ ṣeun o, ẹ̀yin ẹ̀jẹ̀ mi!

Ìjọba pe ìjókòó sí Dallas. Yàrá kékeré kan ni, tábìlì kan, àti ọkùnrin tó ń gbọ́ ẹjọ́. Agbẹjọ́rò ilé iṣẹ́ ní kí Màmá ka ìwé tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ sókè. Màmá dìde, ó fi ohùn tíṣà kà á ketekete, pé ẹ̀bi òun ni, pé òun ò kíyè sára tó. Mo ń wo ilẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n pè mí, mo ka tèmi. Ọkùnrin náà bi mí pé ṣé mo mọ̀ pé ohun tí mo kà yìí lè kan láísẹ́ǹsì mi. Mo ní mo mọ̀. Ó bi mí bóyá ẹnì kan ló fipá mú mi. Mo ní rárá o, inú ló ń bí mi. Ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Wọn ò fi orúkọ Màmá sínú ìwé wọn. Wọ́n ní kò jẹ̀bi. Wọ́n kọ ìbáwí sí abẹ́ orúkọ tèmi, ẹnikẹ́ni tó bá wá láísẹ́ǹsì mi á rí i níbẹ̀. Ìlú Allen ni mo ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, mi ò sì ṣe olórí ẹnikẹ́ni mọ́. Máníjà wa ńkọ́? Wọ́n gbé e lọ sí ilé mìíràn, ó ṣì ń rẹ́rìn-ín. Kọ́ríídọ̀ Màmá sì ti ní ẹni méjì báyìí. Méjì! Ẹni mẹ́ta ni mo ní. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ṣì ń rí mi létí títì.

Ṣùgbọ́n ìyẹn gan-an kọ́ ló ń bí mi nínú jù. Nígbà tí ìjókòó parí, tí gbogbo wa ń dì mọ́ra, tí ọmọ mi ń sunkún ayọ̀, Màmá lọ bá akọ̀wé nídìí tábìlì. Ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi ní ìwé mi. Èyí tí mo fọwọ́ kọ. Ẹ ti ní mi ò jẹ̀bi." Akọ̀wé náà rọra ṣàlàyé fún un pé inú fáìlì ni, pé ohun tó bá ti wọ fáìlì kì í jáde mọ́, pé bó bá fẹ́, òun á ṣe àdàkọ rẹ̀ fún un. Màmá ò jà. Ó kàn dúró níbẹ̀, ó na ọwọ́ sílẹ̀ lórí tábìlì, ó pẹ́ kó tó mú un kúrò.

Èmi ni mo wakọ̀ gbé e padà. A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Euless kó tó lanu. "Gbogbo ìwé tí àwọn tíṣà mi fi bẹ̀ mí," ó ní, "mo dáná sun wọ́n lọ́jọ́ tí mo fẹ̀yìn tì. Mo ní kó má lọ dá ọmọ ọlọ́mọ lẹ́bi lọ́jọ́ iwájú."

Férémù ti padà sórí ìṣó rẹ̀. Ìwé ẹ̀bẹ̀ náà wà nínú fáìlì ìjọba, ọwọ́ ìkọ̀wé tó dára jù tí mo rí láyé mi ni wọ́n fi kọ ọ́, Màmá jẹ̀bi níbẹ̀ títí ayé. Èmi ni mo sọ ọ́. Òun ló kọ ọ́.